Ìwé Ṣáájú Ẹrù: Ojúṣe Ẹgbẹ́ Nígbà Tí Ọmọ Ẹgbẹ́ Bá Fẹ́ Lọ Sókè Òkun

Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí a bá dé Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Máídúgùri, a ó rí ìdílé tí bàbá ńlá wọn ti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá wá. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1911, àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi Sábọ́n Gàrí ṣe ibùgbé. Kì í ṣe agbára apá nìkan ni ó gbé wọn ró. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó ń gba àlejò sílé, òun ni ó ń bá a wá iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń dúró fún un bí ọ̀ràn bá délẹ̀.

Lóde òní, ojú àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti kọjá Kánò àti Jọ́ọ̀sì. Ìlú Ọba, Kánádà àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ti fún ìrìn-àjò náà lórúkọ tuntun: jápa. Lílọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 41, dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí láti jáde kí ó sì padà wọlé. Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ènìyàn ta ilẹ̀, kí ó yá owó, kí ó sì gbéra kí ó tó mọ ibi tí ó ń lọ àti ohun tí òfin ibẹ̀ wí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó mọ bí a ti ń ṣe àsè ìdágbére fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń rìnrìn-àjò. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹgbẹ́ lè ṣe ní oṣù mélòó kan ṣáájú àsè náà.

ẸKỌ́ TÍ GÁNÀ KỌ́ WA

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ sí Gánà. Wọ́n ń tajà ní Àkúrá, ní Kùmásì àti ní Tàmálè. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ẹ̀jìgbò pọ̀ láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni a bí sí ibẹ̀, tí wọn kò mọ ilẹ̀ Yorùbá ju ìtàn tí òbí wọn ń sọ fún wọn lọ. Lójú ara wọn, wọ́n ti di onílé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Gánà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kó ọjà jọ di ẹni tí ń tà á ní ọ̀pọ̀. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n di àwátì. Ọ̀pọ̀ ni ó padà sílé pẹ̀lú ẹrù tí kò ju ohun tí orí lè gbé lọ, àwọn mìíràn sì bá ara wọn ní ìlú baba wọn láìní yàrá tí wọn yóò sùn sí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀ yìí, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àpò aláwọ̀ títà tí wọ́n di ẹrù wọn sí ti ń jẹ́ «Ghana Must Go» títí di òní.

Ìtàn méjèèjì yìí kò wà fún ìkórìíra láàrin ará Gánà àti ará Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ni: iye ọdún tí àlejò ti lò nílùú kọ́ ni ó ń dáàbò bò ó bí òfin bá yí padà, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ìwé fi gbọdọ̀ ṣáájú ẹrù.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó YẸ KÍ A BÈÈRÈ KÍ A TÓ TA ILẸ̀

Bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sókè òkun, kò yẹ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Àkọ́kọ́: kí ni yóò ṣe níbẹ̀? Físà akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́, ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀, ti àlejò tí ń lọ kí ẹbí sì yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fi físà àlejò wọ ìlú Ọba tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti rú òfin láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba oyè ní yunifásítì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà, ìṣirò ẹni tí ó ní òun yóò máa fi owó iṣẹ́ san gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ kò lè pé.

Èkejì: ṣé ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀? Òfin ìwọ̀lú kì í dúró lójú kan. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí ìlú Ọba kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún kan náà, àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ìdílé wọn dání. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá ń fi ìtàn ẹ̀gbọ́n tí ó lọ ní ọdún 2022 ṣe ètò tirẹ̀ ń gba ọ̀nà tí wọ́n ti dí.

Ẹ̀kẹta: èló ni gbogbo rẹ̀? Owó ọkọ̀ òfurufú nìkan kọ́ ni ìnáwó náà. Owó físà wà, owó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà fún ẹni tí yóò gbé ìlú Ọba ju oṣù mẹ́fà lọ, owó ilé oṣù àkọ́kọ́ wà, aṣọ òtútù wà. Owó ìtọ́jú ìlera tí a ń san ṣíwájú kí físà tó jáde wà pẹ̀lú. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, owó yìí jẹ́ pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, àti pọ́n-ùn 776 fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ọkọ, aya àti ọmọ méjì tí wọ́n ń lọ fún ọdún mẹ́ta lórí físà iṣẹ́ yóò san pọ́n-ùn 10,866 fún ìlera nìkan, kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Àwọn tí ó gba físà òṣìṣẹ́ ìlera ni a yọ sílẹ̀ nínú owó yìí.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò máa tọ́jú àwọn tí ó kù sílé, bí kò bá sì bọ́ sí i, kí ni arìnrìn-àjò yóò padà wá bá? Ìdílé tí ó ta ilé kan ṣoṣo tí ó ní, tàbí tí ó fi gbogbo owó àjọ ìyá ra ìrètí ọmọ kan, ti gé igi tí gbogbo wọn jọ jókòó lé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

KÍ ÌWÉ BÁ ARA MU

Ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ni kò yọrí sí rere nítorí ohun kékeré tí a lè tún ṣe nílé. Orúkọ ni ó sábà máa ń fa wàhálà jù. Obìnrin kan lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé, kí ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN, kí wọ́n sì kọ orúkọ mìíràn sínú ìwé báńkì rẹ̀. Nílé, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ìwé wò lókè òkun, ènìyàn mẹ́ta ni. Ìwé ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn àti àtúnṣe lọ́dọ̀ àjọ NIMC ni a fi ń ṣe é. Ó ń gba àkókò, kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tí ó ní ojú-ìwé 32 ń lo ọdún márùn-ún, èyí tí ó ní ojú-ìwé 64 wà fún ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ Àjọ Aṣọ́bodè ni ó yẹ kí a ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó ní òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Bákan náà, tọkọtaya tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ níṣojú ẹbí méjèèjì ti ṣe ohun tí àṣà fẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán àti fídíò kò tó fún òfin okèèrè. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni wọn yóò béèrè. Ìwé ìbí ọmọ náà gbọdọ̀ ti ọwọ́ Àjọ Ìkànìyàn wá.

Ní ti owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi hàn, òfin ìlú Ọba béèrè pé kí iye náà ti wà nínú báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Àwọn kan a máa yá owó tàbí kí wọ́n ṣe ayédèrú ìwé báńkì. Bí àṣírí bá tú pé ẹnì kan parọ́ nínú ìwé tí ó fi béèrè físà, wọ́n lè fi òfin dè é fún ọdún mẹ́wàá pé kò gbọdọ̀ wọ ìlú náà. Irọ́ ọjọ́ kan ni ó jẹ ọdún mẹ́wàá run yẹn. Ó tún ń ba orúkọ jẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tòótọ́.

ÀWỌN TÍ Ń TA Ọ̀NÀ

Ibi tí ìrètí bá pọ̀ sí ni oníjìbìtì ń tẹ́ ọjà rẹ̀ sí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni títa ìwé ìgbọ̀wọ́ iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COS. Agbanisíṣẹ́ tí ìjọba ìlú Ọba fún ní àṣẹ ni ó ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yìí. Kì í ṣe ọjà títà. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn san àìmọye mílíọ̀nù náírà fún un. Àwọn kan dé òkè òkun, wọn kò bá iṣẹ́ kankan. Àwọn mìíràn bá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ wọn, a sì fún wọn ní ọjọ́ 60 láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Bìrìtéènì, kò sì sí owó tí a ń san láti wò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó ní fóònù lè ṣe àyẹ̀wò náà kí ìpàdé tó parí.

Ọ̀nà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kan àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní apá àríwá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìlú tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń gbà kọjá. Láti Kánò, Kàtsínà tàbí Sókótó ni àwọn afinisòwò ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Àgádẹ́ẹ̀sì ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, kí wọ́n tó kó wọn gba inú aginjù lọ sí Líbíyà. Òǹgbẹ ń pa ènìyàn ní aginjù náà, omi òkun sì ń gbé àwọn tí ó bá la aginjù kọjá. Ní ọdún 2017, gbogbo ayé rí àwòrán bí wọ́n ti ń ta ènìyàn dúdú ní gbàǹjo ní Líbíyà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ìyà yìí jẹ, ọ̀pọ̀ sì ni wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó padà wálé.

Àmì tí a fi ń mọ afinisòwò kò pọ̀. Ó ní òun yóò san gbogbo owó, kí ọmọ máa san án padà bí ó bá débẹ̀. Ó fẹ́ máa tọ́jú ìwé ìrìnnà ọmọ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí ọmọ má sọ fún ẹbí. Nígbà mìíràn, ó ń mú un lọ búra níwájú òrìṣà. Kò lè sọ orúkọ àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ tí ó ń mú un lọ. Bí ẹgbẹ́ bá rí méjì péré nínú àmì wọ̀nyí, kí wọ́n má ṣe dákẹ́. Òfin tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2015, sọ fífi ènìyàn ṣòwò di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń gbé ni dé ẹ̀wọ̀n. Nọ́ńbà 627 ni a lè fi pe àjọ náà láti orí fóònù èyíkéyìí.

NÍ ÌLÚ TUNTUN

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Ọba yóò rí ilé, ojú títì àti ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin àti àṣà kò hàn sójú. Ó yẹ kí ó tètè ṣe àwọn nǹkan díẹ̀. Kí ó rí i dájú pé òun lè ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì òun, nítorí káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní òpin ọdún 2024. Òun ni onílé àti agbanisíṣẹ́ yóò yẹ̀ wò. Kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, kí àìsàn tó dé. Kí ó gba nọ́ńbà National Insurance bí yóò bá ṣiṣẹ́. Ìwé ọkọ̀ wíwà Nàìjíríà wúlò níbẹ̀ fún oṣù 12 péré, lẹ́yìn èyí ó di dandan kí ó ṣe ìdánwò tiwọn.

Òtútù kò ṣe é fi ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì wé. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn yìí àti àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ máa ń mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì ní ọdún àkọ́kọ́. Kì í ṣe àìlera ẹ̀mí, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà, kí ó sì sọ ọ́ fún ará ilé.

Ọmọ títọ́ ni ó ń fa ìjà jù láàrin òbí Yorùbá àti òfin ibẹ̀. Ní Skọ́tíláǹdì láti ọdún 2020, àti ní Wélíìsì láti ọdún 2022, òfin kò gba òbí láyè láti na ọmọ rárá. Ní Íńgíláńdì pàápàá, nínà tí ó bá dá àpá sára ọmọ lè mú kí ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà. Fífi ọmọ kékeré sílẹ̀ nìkan nínú ilé kí òbí lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ náà lè dá ọ̀ràn ńlá sílẹ̀, nítorí kò sí aládùúgbò tí yóò bá a wo ọmọ bí ti ilé. Ó yẹ kí òbí mọ èyí kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì ṣe ètò bí wọn yóò ti máa kọ́ ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí láìlo ẹgba.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi bò. Àwọn kan a máa fi orúkọ àti ìwé ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn a sì máa yá ìwé tiwọn fún ẹbí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí ó yá a, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí ó yáni. Ọmọlúàbí kì í fi omi odò hàn sílé kí ó máa mu ẹrọ̀fọ̀ níta. Ìwà tí a kò lè hù ní Ọ̀fà tàbí ní Kánò, a kò gbọdọ̀ hù ú ní Lọ́ńdọ̀nù.

OHUN TÍ Ẹgbẹ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ní ọdún 1925, Ladipọ Ṣolanke, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó lọ kọ́ òfin, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba ènìyàn dúdú sílé. Ẹgbẹ́ náà kò jókòó ti ẹkún. Wọ́n ṣe akitiyan títí wọ́n fi ṣí ilé ìgbé tiwọn ní Camden ní ọdún 1933, ilé náà sì di ibi tí àlejò láti ilé lè sùn, kí ó jẹun, kí ó sì gba ìmọ̀ràn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yan ènìyàn mẹ́ta: ẹni tí ó mọ̀wé tí ó sì mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, àgbà tí àwọn ọ̀dọ́ kò bẹ̀rù láti bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí ó ti gbé òkè òkun rí. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ètò ọmọ ẹgbẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, láti bá a yẹ orúkọ agbanisíṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, àti láti tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń yáni lówó lè sọ ọ́ di òfin pé a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó ìrìn-àjò àyàfi bí ìgbìmọ̀ náà bá ti rí ìwé rẹ̀. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó wà lókè òkun lè rán ẹnì kan lọ pàdé àlejò. Àjọ NiDCOM tí òfin ọdún 2017 dá sílẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ilẹ̀ òkèèrè, ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa sì wà fún ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò parí ní pápákọ̀ òfurufú. Ó yẹ kí a máa bẹ òbí tí ó kù sílé wò, kí a má sì jẹ́ kí ẹbí máa béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́. Bí ó bá sì padà wálé láìrí ohun tí ó lọ wá, kí ẹgbẹ́ gbà á bí ọmọ, kí ó má di orin yẹ̀yẹ́. Ìtìjú ni ó ń mú kí àwọn kan dúró sínú ìyà ní ilẹ̀ àjèjì nígbà tí wọ́n lè padà. Ẹni tí ó padà láàyè pẹ̀lú òtítọ́ lẹ́nu ni olùkọ́ tí ó dára jù fún àwọn tí ń múra láti lọ.

Abala 28 ìwé òfin wa fi yé ni pé ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà kì í pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé ó di ọmọ ìlú mìíràn. Ilẹ̀kùn ilé kò tì mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀ bá pé, kí alága béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ta ni ó ń múra àjò nínú wa, ta ni ó sì ti yẹ ìwé rẹ̀ wò? Ìbéèrè yìí kò gba owó, ó sì lè gba ilẹ̀ ìdílé kan là, tàbí ẹ̀mí ọmọ kan.